Ikọ́ gbígbẹ àti mímí hẹlẹhẹlẹ lára ẹni tó ń gba kímò: ṣé oògùn náà ló ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀?

OmoIpakodo (Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn tó ti gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, rí wà láàárín wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ẹni ọdún 34, télọ̀ ni ní Sábó, Ìkòròdú. Lọ́dún tó kọjá, kókó kan sọ sí i lọ́rùn. Kò dùn ún, ó kàn ń tóbi sí i ni. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin lymphoma ni. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n ń fà sí i lára pọ̀, ABVD ni wọ́n kọ sínú káàdì ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń lọ gbà á. Ká sọ tòótọ́, kókó yẹn ti rọ̀, ọrùn ẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Inú gbogbo wa dùn.

Àmọ́ láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òru ló sì máa ń le jù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ gòkè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ní báyìí, tó bá gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, á dúró, á di irin mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ihò imú ẹ̀ á máa fẹ̀. Ara ẹ̀ a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ nírọ̀lẹ́. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò àti omi ikọ́, kò gbọ́. Màmá wa ní ibà ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní ikọ́ ife ni. Lándọ́ọ̀dù ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.

Nǹkan kan tún wà tó ń dẹ́rù ba Màmá. Ìlà dúdú ti yọ sí i lẹ́yìn àti léjìká, gbọọrọ gbọọrọ, àfi bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà. Ìyá kan ládùúgbò ti ní wọ́n ń nà án lójú oorun ni, pé ká tètè gbé e lọ sórí òkè.

Kímò tó kàn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ṣé kó lọ gbà á? Ṣé oògùn tó ń wò ó sàn náà ló tún lè máa ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́?

AdetounIjede (9:20 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Mo ń dúró de ìdáhùn àwọn tó mọ̀ ọ́n.

NoosiOdogunyan (9:41 alẹ́)

Ọmọ Ìpàkodò, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀ rárá. Láàárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ pe ẹ̀ka tó ti ń gba kímò, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí yìí fún wọn, títí kan ti ìlà ẹ̀yìn yẹn. Kó má sì gba abẹ́rẹ́ kankan tí dókítà ò bá tíì fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Lẹ́tà B tó wà nínú ABVD yẹn, bleomycin ni. Oògùn gidi ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Inú ara wa ni nǹkan kan wà tó máa ń fọ́ ọ túútúú kó má bàa pa wá lára. Nǹkan yẹn wà nínú ẹ̀dọ̀, ó wà káàkiri, àmọ́ ibi méjì ló ti kéré jù: awọ ara àti ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ibi méjì yẹn ni oògùn náà máa ń pọ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dárà. Ìlà tí ẹ rí lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ ọ́n dáadáa, bleomycin ló máa ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀kàn Màmá balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò nà án.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìlà yẹn bá yọ sí lára ni ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ máa wú o. Àmọ́ ẹni tó ń gba bleomycin, tó ń wú ikọ́ gbígbẹ, tí àtẹ̀gùn tó máa ń gùn tẹ́lẹ̀ wá di òkè ńlá fún un, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó wà nídìí kẹ́míìsì.

Ẹ kó káàdì tí wọ́n ń kọ iye oògùn sí dání. Gbogbo ẹ̀ pátá.

BabaAgbowa (10:03 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwọn bàbá wa ní oògùn ikọ́ kí òyìnbó tó dé. Ẹ wá orógbó, ẹ wá oyin ìgàn, ẹ se é pẹ̀lú àwọn egbò igi kan tí mo lè júwe fún yín, kó máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Kí ó dá kímò yẹn dúró ná, oògùn tó le ju ara lọ ni.

Apoogun_Badagiri (10:30 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Mo dọ̀bálẹ̀. Ire lẹ ń fẹ́ fún ọmọ náà, ó sì hàn nínú ọ̀rọ̀ yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń kọ mí lóminú.

Kídìnrín ló máa ń gbọn bleomycin dànù nínú ara, ojú ìtọ̀ ló ń gbà jáde. Bí kídìnrín bá rẹ̀wẹ̀sì, oògùn náà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa jìyà ẹ̀. Ọ̀pọ̀ egbò tí a ń sè, a ò mọ ohun tó ń ṣe fún kídìnrín, a ò sì mọ ìwọ̀n tí aláìsàn ń mu. Fún ẹni tó ń wúkọ́ lásán, bóyá ká máa jiyàn. Fún ọmọkùnrin yìí, nísinsìnyí, kó máà fẹnu kàn án rárá. Oyin díẹ̀ nínú omi gbígbóná, ìyẹn ò burú, á tu ọ̀fun lára, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fun ló ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kì í ṣe òun ló máa dá kímò dúró fúnra ẹ̀. Dókítà ló máa wo èyí tó yẹ kó dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó yẹ kó máa lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n yọ oògùn kan, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sá kúrò nídìí ìwòsàn.

BabaAgbowa (10:44 alẹ́)

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé kídìnrín wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí wọ́n gbé e lọ.

IyaEleja_Epe (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 òwúrọ̀)

Mo ń múra ọjà Olúwo lọ́wọ́ ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ó ti gba kímò tán, wọ́n tún fi iná ẹ̀rọ jó ibẹ̀, ìyẹn radiotherapy. Ó parí, a ṣe ìdúpẹ́, a jó. Ìgbà tó tó bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni irú ikọ́ yìí gan-an bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹja yíyan la jọ ń ṣe, nítorí náà gbogbo ayé ní èéfín ààrò ni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tọ́jú ibà fún un títí, wọ́n tún fa omi sí i lára. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé oògùn wo lo ti gbà rí, ṣé wọ́n ti fi iná jó àyà rẹ rí. Òun náà ò sọ, torí lọ́kàn ẹ̀, ìyẹn ti parí.

Ìgbà tó padà lọ rí dókítà jẹjẹrẹ ẹ̀ fún àyẹ̀wò ni wọ́n tó ya fọ́tò àyà, wọ́n ní ibi tí iná gbà kọjá gan-an ló wú. Oògùn kan báyìí ni wọ́n fún un, ó ní láàárín ọjọ́ díẹ̀ òun ti ń sùn gbalaja. Kò yan ẹja mọ́ o, tútù ló ń tà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìtọ́jú, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín.

DokitaAyaOsi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní lè sọ ibi tí mo wà. Mi ò rí aláìsàn náà, nítorí náà mi ò ní sọ pé báyìí báyìí ló ń ṣe é. Àmọ́ mo lè sọ bí a ṣe máa ń ronú nípa ẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí wọ́n fi máa ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, kẹ́ ẹ ṣe tọ̀hún.

Ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ gan-an, torí ara ògiri yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá ṣe ògiri náà léṣe, á wú, á nípọn, omi á máa sun sí i. Afẹ́fẹ́ wọlé, àmọ́ kò ráyè dénú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ náà fi máa ń gbẹ, kò sí ohun tó fẹ́ hú jáde. Tí a bá tètè mọ̀, wíwú náà á rọlẹ̀. Tí a bá fi sílẹ̀, ẹran ara tó ti wú á dá àpá, á le, àpá ò sì lè mí mọ́ láéláé. Gbogbo ìkánjú wa kò ju kí a má jẹ́ kó dé orí àpá lọ.

Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó máa kígbe pé oògùn ni. Ńṣe la máa ń yọ àwọn yòókù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé kòkòrò àìsàn ni? Ẹni tó ń gba kímò, ọmọ ogun ara ẹ̀ ti dín, òtútù àyà lè mú un, ikọ́ ife lè mú un, irú àwọn olú kan tí kì í mú alára líle náà lè mú un. Ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì ló gbéra láti ẹsẹ̀ lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró? Jẹjẹrẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ṣé ọkàn ni? Lẹ́tà A inú ABVD, Adriamycin, tí wọ́n tún ń pè ní doxorubicin, lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Àbí jẹjẹrẹ náà ló ti dé ẹ̀dọ̀fóró? Gbogbo ìwọ̀nyí máa ń jọra lójú ẹni tó jókòó sídìí káńtà kẹ́míìsì.

Fọ́tò X-ray lè mọ́ kedere níbẹ̀rẹ̀, kó má tàn yín jẹ. CT scan ló máa ń fi hàn dáadáa, a máa rí ibi tó funfun ṣe kùrukùru, nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ́pọ̀ ìgbà. Tí mo bá gbé ẹ̀rọ lé ẹ̀yìn irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí mo ní kó mí sínú, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dún fọ̀rọ̀fọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Nǹkan bí 10 nínú 100 èèyàn tó gba bleomycin ni ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń ní ìṣòro. Ewu náà ga sí i fún ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ò dára, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí wọ́n ti fi iná jó àyà ẹ̀, àti ẹni tí àròpọ̀ bleomycin tó ti gbà ti lé ní 400 unit. Àmọ́ ẹ má fi 400 yẹn sọ ara yín di aláìbẹ̀rù. ABVD ìgbà mẹ́fà pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 200, mo sì ti rí ẹni tí tiẹ̀ wú kó tó dé ìdajì.

TemiAgric (2:02 ọ̀sán)

Dókítà, ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ò ní jẹjẹrẹ, àmọ́ oríkèé ló ń dùn wọ́n, methotrexate ni wọ́n ń lò. Mo gbọ́ pé oògùn kímò lòun náà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n?

Apoogun_Badagiri (2:25 ọ̀sán)

Ó kàn wọ́n, Tẹ̀mi. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún oríkèé kéré gan-an sí ti jẹjẹrẹ, síbẹ̀ methotrexate lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú ní ìwọ̀n yòówù. Tiẹ̀ ò dà bíi ti bleomycin tó ń kó ara jọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà míràn ńṣe ni ara kàn kọ̀ ọ́: ikọ́, ibà àti àìlèmí dáadáa á dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tí irú ẹ̀ bá ṣe Màmá, kí wọ́n má lo èyí tó kàn, kí wọ́n lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Àwọn kan ti ṣèèṣì máa lò ó lójoojúmọ́, ìyẹn máa ń pa èèyàn.

Àwọn oògùn míràn wà tó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀: cyclophosphamide, gemcitabine, docetaxel, paclitaxel, mitomycin, busulfan. Carmustine tiẹ̀ lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi àpá hàn. Àwọn tuntun tó ń ta ọmọ ogun ara jí láti bá jẹjẹrẹ jà, bíi nivolumab àti pembrolizumab, náà lè mú kí ọmọ ogun ara kọjú ìjà sí ẹ̀dọ̀fóró ẹni. Èyí tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọyàn, trastuzumab deruxtecan, ìkìlọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró ló wà lókè pátápátá lórí ìwé ẹ̀.

Kì í ṣe kẹ́ ẹ ka orúkọ wọ̀nyí kẹ́ ẹ wá sá. Ẹ kàn mọ orúkọ èyí tí wọ́n ń fún ẹni yín ni. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi ní kẹ́míìsì, tí ẹ ní "ó ń gba kímò", mi ò tíì mọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ní "bleomycin", mo ti mọ ibi tí mo máa darí yín sí, mi ò ní ta omi ikọ́ fún yín.

Kasali_Imota (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ máà bínú o, ohun tí èmi rí kà nínú gbogbo èyí ni pé kímò yìí ló ń pa èèyàn ju àìsàn náà lọ. Ẹni kan ládùúgbò wa, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

NoosiOdogunyan (6:15 ìrọ̀lẹ́)

Kásálí, mi ò bínú. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jókòó síbẹ̀ láìsí èsì, torí ẹni tí àyà ẹ̀ ń já lè kà á lálẹ́ òní kó má lọ gba ìtọ́jú lọ́la.

Irú jẹjẹrẹ tó ń ṣe àbúrò OmoIpakodo yìí, ó wà lára àwọn tó ń gbọ́ oògùn jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tó sì gba ìtọ́jú ẹ̀ pé, ló ń bọ́ nínú ẹ̀ pátápátá. Tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ó ń pa èèyàn, kì í ṣe àbá. Mo ti dúró ti ẹni tó sá lọ, tó padà dé nígbà tí kókó ti fún ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ pa. Ẹni ọdún 22 ni. Ọmọ tó yẹ kó wà láyé lónìí ni, mi ò tíì gbàgbé ojú ẹ̀.

Oògùn tó lágbára, ewu wà nínú ẹ̀, a ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá rí àyípadà. Ẹni tó ń rù ládùúgbò yín yẹn, ẹ bá mi bi í bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń bì, bóyá ó ti sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Oògùn èébì wà.

Kasali_Imota (6:31 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbọ́, àǹtí nọ́ọ̀sì. Mà á bi í.

OmoIpakodo (Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Èsì rèé.

A pe ẹ̀ka kímò láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní ká máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn tó wà ní Ìdí-Àràbà la ti ń gba ìtọ́jú. Mi ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ èrò, mo mọ bí Mile 12 ṣe máa ń rí láàárọ̀, a háyà ọkọ̀ tààrà. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wo bí ọ́ksíjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Ó jókòó, 91 ni. Wọ́n ní kó rìn dé òpin kọ́rídọ̀ kó padà wá, ó já sí 86. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn, ó wo ìlà ẹ̀yìn ẹ̀, ó sáré lọ pe ọ̀gá ẹ̀.

Ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yọ kúrò. Kò sì ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa yẹ̀ wò, wọ́n wá bu omi oníyọ̀ sínú ẹ̀rọ kan tó ń rú wúyẹ́, wọ́n ní kó máa fà á símú títí tí díẹ̀ fi jáde. Kò sí ikọ́ ife. Wọ́n yẹ ọkàn wò, ó dára. CT scan fi kùrukùru tí Dókítà sọ yẹn hàn nísàlẹ̀ apá méjèèjì. Wọ́n ní bleomycin ni, wọ́n fa igi lé orúkọ ẹ̀ nínú káàdì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ láyé ẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, fún un, pẹ̀lú Septrin. Àwọn mẹ́ta yòókù máa dúró díẹ̀ ná kí èémí ẹ̀ balẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi báyìí: tí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́rin, ṣé jẹjẹrẹ náà ò ní padà wá? Kò sùn lánàá, ìyẹn ló ń rò.

DokitaAyaOsi (9:30 alẹ́)

Inú mi dùn gan-an pé ẹ lọ. Ẹ bá mi kí i.

Ìbéèrè yẹn dára, èsì ẹ̀ sì wà. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde lórí irú jẹjẹrẹ yìí gan-an, RATHL lorúkọ ẹ̀. Àwọn tó gba ABVD ìgbà méjì, tí àwòrán PET, èyí tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ ṣì wà hàn, sì fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ti ń lọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: apá kan ń bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, wọ́n yọ bleomycin fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 85 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ò padà sí lára ní apá méjèèjì. Ìyàtọ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún sàn jù. Bóyá ti àbúrò yín bá ti àwọn yẹn mu délẹ̀, ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀ ló máa sọ, torí wọ́n mọ bí kókó ẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Àmọ́ kó sùn. Wọn kì í yọ bleomycin kí ìtọ́jú wá wó lulẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ rántí Lance Armstrong, Amẹ́ríkà tó ń sá eré kẹ̀kẹ́. Nígbà tí jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n mú un ní 1996, lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n fi oògùn míràn rọ́pò bleomycin nítorí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ara ẹ̀ yá.

Apoogun_Badagiri (9:52 alẹ́)

Lórí prednisolone yẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Àárọ̀ ni kó máa lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá lò ó lálẹ́, oorun á dá. Á máa pa á lébi gan-an, ojú ẹ̀ lè wú díẹ̀, ìyẹn á lọ. Kí wọ́n máa wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, torí ó máa ń gbé e sókè, àní lára ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rí. Septrin tí wọ́n fi kún un, torí kí irú òtútù àyà kan má bàa wọlé ni, nígbà tí ọmọ ogun ara ẹ̀ ti dín. Kó má fò ó.

Ọ̀kan tó ṣe pàtàkì jù: tí ara ẹ̀ bá yá, kó má dá a dúró lójijì. Ara wa máa ń ṣe irú nǹkan yìí fúnra ẹ̀. Tó bá ń rí i gbà láti ìta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, á dẹ́kun ṣíṣe tiẹ̀. Bí ẹ bá já a lójijì, ó lè dákú. Ẹ̀dọ̀fóró náà tún lè wú padà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dín in kù, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ ra á sílẹ̀ kó tó tán.

OmoEpe_Gidi (Ọjọ́ Ẹtì, 7:18 òwúrọ̀)

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi fún àbúrò, torí mo ti gba bleomycin rí. Kóró ẹpọ̀n ni tèmi. BEP ni mo gbà, oògùn mẹ́ta tí wọ́n ń fún pọ̀, bleomycin ni B inú ẹ̀, 30 unit ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò tì mí mọ́. Ọkùnrin tó bá fọwọ́ kan kókó líle nínú ẹpọ̀n ẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn, kó má dúró de ìrora.

Dókítà tèmi, gbogbo ìgbà tí mo bá dé, kó tó wo nǹkan míràn, ẹ̀yìn mi ló máa gbé ẹ̀rọ lé. Á tún bi mí: "Ṣé o ṣì ń rìn láti garáàjì dé ilé láìdúró?" Ìbéèrè yẹn ni mo ń fi wo ara mi nílé. Mo yan ọ̀nà kan, mo máa ń rìn ín lójoojúmọ́, tó bá di pé mo dúró mí níbi tí mi ò ti ń dúró tẹ́lẹ̀, màá pè wọ́n. Àbúrò lè lo àtẹ̀gùn yín fún irú ẹ̀, kó máa gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa kíyè sí ibi tí èémí ti ń já.

Ẹ̀rọ ìka yẹn náà dára, mo ní ọ̀kan. Ẹ nu ìpara èékánná kúrò tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ọwọ́ má sì tutù.

DokitaAyaOsi (7:50 òwúrọ̀)

Mo fi kún ti ẹ̀rọ ìka: lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń ka iye tó ga ju òtítọ́ lọ nígbà míràn. Nítorí náà 94 tí ó bá fi hàn kò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé tí ẹni náà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni náà ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá sì ń já bọ́ lẹ́yìn tó rìn, bí ó ṣe já bọ́ fún àbúrò yìí, ẹ gbéra.

TemiAgric (8:30 òwúrọ̀)

OmoEpe, ẹ kú oríire. Ṣé ó ti tán pátápátá fún yín báyìí, àbí nǹkan kan ṣì kù tí ẹ ń ṣọ́?

OmoEpe_Gidi (12:10 ọ̀sán)

Mo dúpẹ́, Tẹ̀mi. Jẹjẹrẹ ò sí mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bleomycin, títí ayé ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpákè, mo sọ fún ẹni tó máa fún mi ní oògùn oorun pé mo ti gbà á rí. Ó ní mo ṣe dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn tó pọ̀ jù lè ta ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ti gba bleomycin jí padà sí wíwú, àní lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ìwọ̀n tó tó ló fún mi, ó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má rì sínú omi pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ láìbi wọ́n. Èmi ọmọ ẹ̀bá ọ̀sà, ìyẹn ká mi lára díẹ̀.

NoosiOdogunyan (12:35 ọ̀sán)

Ó tọ̀nà. Ẹ má wá ṣì í gbọ́ o, tí èémí ẹni bá ti ń tán lọ, a ò ní torí bleomycin fi ọ́ksíjìn dù ú. Ìwọ̀n ni kí wọ́n wò, kí wọ́n má kàn ṣí i gbàù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó gbé ìbòjú lé e nímú, pàápàá tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n rí ló dé láàárín òru.

OmoIpakodo, ẹ wá páálí kékeré kan, kó máa wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: "Mo ti gba bleomycin. Ó ṣe ẹ̀dọ̀fóró mi léṣe. Ẹ má fún mi mọ́. Ẹ fi ìwọ̀n fún mi ní ọ́ksíjìn." Ẹ kọ àròpọ̀ unit tó gbà, ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn, àti nọ́ńbà ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù Màmá náà.